Àjàyí Crowther àti ibi tí ọkọ̀ ń sùn

Ní Papalanto tí mo ń gbé, omi tó tóbi jù tí mo ń rí ni èyí tó ń dá rogún sí ẹ̀gbẹ́ títì lẹ́yìn òjò. Àmọ́ mo mọ nǹkan díẹ̀ nípa ibi tí ọkọ̀ ń sùn. Bó bá ti ń ṣú, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní oríta, èyí tó ń lọ Ìlaròó, èyí tó ń bọ̀ láti Ṣágámù, àtàwọn tó ru sìmẹ́ńtì láti Èwekorò. Dírẹ́bà á fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò bóyá ó le, á ti òkúta bọ abẹ́ táyà, á wo ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kó tó sùn. Ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ kọ́ ni wọ́n máa ń yàn o. Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni mo ń kà lọ́sẹ̀ tó kọjá tí àwọn dírẹ́bà yìí fi wá sí mi lọ́kàn.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nílé ìwé ni pé omi máa ń ba ọkùnrin yìí lẹ́rù.

Ẹ gbọ́ ná. Ọdún 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, kódà wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí wọ́n mú un dé etí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbé e sọdá sí Èkó, ẹ̀rù bà á débi pé ṣe ni wọ́n gbé e jókòó sáàárín àpò àgbàdo nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ náà ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò jẹ́ mira.

Èkó ìgbà náà ò sì ní èbúté bí èyí tí ẹ mọ̀ lónìí. Iyanrìn dí ẹnu omi, ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé. Ojú agbami ni wọ́n ti ń ju ìdákọ̀ró, wọ́n á wá fi ọkọ̀ kékeré kó èèyàn àti ẹrù lọ bá wọn. Ní April 1822, wọ́n kó Àjàyí àti àwọn ẹrú yòókù, àwọn 187, sínú ọkọ̀ àwọn Potogí kan tó ń jẹ́ Esperança Felix. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì ká wọn mọ́. Èrò tèmi ni pé bó bá jẹ́ pé Èkó ní ibi ìsádi tí ọkọ̀ lè fara pa mọ́ sí, Brazil là bá máa wá ọmọ yìí lọ.

Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ogun Myrmidon. Àwọn ọmọ náà rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so rọ̀, wọ́n ní ẹran èèyàn ni. Wọ́n rí òkìtì ọta àgbá, wọ́n ní orí èèyàn ni. (Ìwọ náà ńkọ́, kí lò bá rò?) Ní June 17 ni wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Freetown.

Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá ilé ìwé, ìrìbọmi àti iṣẹ́ olùkọ́. January 1845 ló padà dé sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, ní Àgbádárìgì. Ṣódẹkẹ́ tó yẹ kó gbà wọ́n lálejò l'Ábẹ́òkúta kú, ogun sì dí ọ̀nà, ó fi bí ọdún kan àbọ̀ dúró sétí òkun. August 1846, ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, l'Ábẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwa ará Ẹ̀gbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ìyẹn.

Orí omi ni mo fẹ́ padà sí. Lọ́dún 1841, ó ti bá àwọn òyìnbó gun Odò Ọya nínú ọkọ̀ mẹ́ta, òyìnbó tó lé ní 40 sì kú, ibà ló pa wọ́n. Lọ́dún 1854 wọ́n tún gbéra nínú ọkọ̀ Pleiad, láti Clarence ní Fernando Po, ìlú tí wọ́n ń pè ní Malabo báyìí. Òkè oníná ayé àtijọ́ ló gbẹ́ èbúté ibẹ̀, ó rí bí ìkòkò tí ẹ̀gbẹ́ kan fọ́. Òkè yí i ká, ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ibi tí atukọ̀ ń wá nìyẹn. Ìwúwo ìdákọ̀ró nìkan kì í di ọkọ̀ mú; ṣéènì tó gùn tó ìjìn omi lọ́nà mẹ́ta sí márùn-ún ló ń mú un dùbúlẹ̀, kó lè ki ẹnu bọ iyanrìn tàbí ẹrẹ̀ líle. Olùṣọ́ òru á wá mú igi kan àti òkè kan lójú létí omi. Bí àwọn méjèèjì bá ti kúrò lórí ìlà, ìdákọ̀ró ti ń wọ́ nìyẹn, kó yáa jí ọ̀gá.

Àmọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti lè mú ọkọ̀, ẹ̀fọn ń mú èèyàn níbẹ̀. Wọn ò mọ̀ nígbà yẹn. Afẹ́fẹ́ irà ni wọ́n ń dá lẹ́bi, àfìgbà tí Ronald Ross túdìí ẹ̀fọn ní 1897. Dókítà Baikie tó jẹ́ olórí Pleiad kàn ń fún wọn ní kuníìnì kí ibà tó dé ni. Òyìnbó méjìlá, èèyàn dúdú 54, ọjọ́ 118 lórí odò, ibà ò pa ẹnì kankan.

1857 ò dà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ Dayspring forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà ní October 7, ó bàjẹ́ pátápátá. Crowther wà nínú rẹ̀. Glover tí wọ́n sọ Glover Hall l'Ékòó lórúkọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Etí odò ni wọ́n pàgọ́ sí. Ó tún di 1867, ó ti di bíṣọ́ọ̀bù, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Abokko mú òun àti Dandeson ọmọ rẹ̀ dè nítòsí Ìdàh, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, gbé ọkọ̀ wá. Wọ́n sáré wọ ọkọ̀, wọ́n bọ́, ṣùgbọ́n ọfà olóró ba Fell, ó sì kú.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ó tún ń padà sórí odò. Ọmọ tí wọ́n gbé jókòó sáàárín àpò àgbàdo ni mo ń sọ o.

December 31, 1891 ló kú, l'Ékòó. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sí ẹnu omi Èkó nígbà yẹn. Ọkọ̀ ńlá ṣì ń ju ìdákọ̀ró sójú agbami, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde.