Bernard Darwin: Ọmọ-ọmọ Charles Darwin tí pápá gọ́ọ̀fù etíkun Wales gba ọkàn rẹ̀

Tí wọ́n bá dárúkọ Darwin, ẹni tó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kọ̀wé lórí bí àwọn ẹ̀dá oníyè ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran.

Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, Darwin mìíràn wà. Bernard ni orúkọ tirẹ̀, ọmọ-ọmọ Charles sì ni.

Láti ọdún 1907 títí di 1953 ni Bernard Darwin fi kọ ìròyìn gọ́ọ̀fù fún ìwé ìròyìn The Times ní London. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí pápá tó lórúkọ ní Britain tí kò tẹ̀. Síbẹ̀, èyí tó fẹ́ràn jù kì í ṣe St Andrews, tí gbogbo ayé mọ̀. Aberdovey ni, ìlú kékeré kan létí òkun ní ìwọ̀ oòrùn Wales, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù lónìí kò dé rí.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí rẹ̀, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ ìyá rẹ̀.

Ìyá tó kú ní ọjọ́ kẹrin

Ọmọ Wales ni Amy Ruck. Ilé àwọn òbí rẹ̀, tó ń jẹ́ Pantlludw, kò jìnnà sí ìlú Machynlleth. Ó fẹ́ Francis Darwin, onímọ̀ nípa ewéko tó jẹ́ ọmọ Charles, ó sì bí Bernard ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1876.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Amy kú.

Francis kó ẹrù rẹ̀, ó gbé ọmọ tuntun náà, ó sì padà sí ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Down House, ní Kent. Báyìí ni Bernard ṣe dàgbà lọ́dọ̀ Charles Darwin. Òun ni ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ tí bàbá àgbà náà rí. Nígbà tí Charles jáde láyé lọ́dún 1882, ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́fà.

Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ó di Wales, lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ rí, ohùn àwọn ìbátan ìyá náà ló ń gbọ́ níbẹ̀.

Ìkòkò òdòdó mẹ́sàn-án

Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan yìí ni Arthur Ruck, arákùnrin ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ogun. Láàárín ọdún 1880 sí 1890, Arthur lọ sí ilẹ̀ pápá tí ẹran ti ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun ní Aberdovey, ó sì gbẹ́ ihò mẹ́sàn-án síbẹ̀.

Kò ní nǹkan tí yóò fi sínú àwọn ihò náà. Ìtàn ìlú náà sọ pé ìkòkò òdòdó mẹ́sàn-án ló yá lọ́wọ́ obìnrin kan ní abúlé, ló bá rì wọ́n mọ́lẹ̀. Bí pápá gọ́ọ̀fù Aberdovey ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún 1892 ni wọ́n wá dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni gọ́ọ̀fù etíkun fẹ́ràn. Iyanrìn ni, kò dára fún iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dá, omi ti wọlẹ̀ tán. Koríko rẹ̀ kúrú, igi kò sí níbẹ̀, atẹ́gùn òkun kì í sì í sinmi. Bọ́ọ̀lù tí ẹ gbá lánàá sí iwájú lè yà sí ẹ̀gbẹ́ lónìí.

Ní Aberdovey, ojú irin reluwé wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, òkìtì iyanrìn wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, òkun sì wà lẹ́yìn òkìtì náà. Ihò kẹta, tí wọ́n ń pè ní Cader, ló gbajúmọ̀ jù. Òkìtì ńlá kan ló dí i lójú. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí rẹ̀ ní láti rìn yí i ká kó tó mọ̀ bóyá inú dídùn tàbí ẹkún ló ń dúró dè é.

Agbẹjọ́rò tó sá kúrò nílé ẹjọ́

Bernard lọ sí Eton, ó kàwé ní Cambridge, ó sì di agbẹjọ́rò. Iṣẹ́ náà kò wọ̀ ọ́ lọ́kàn rárá.

Ọdún 1906 ló gbé Elinor Monsell níyàwó, ayàwòrán tó padà bá a ṣe ìwé àwọn ọmọdé. Ọdún kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa gọ́ọ̀fù, kò sì pẹ́ tó fi iṣẹ́ òfin sílẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọkọ ìyàwó tuntun fi iṣẹ́ agbẹjọ́rò sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù kékeré funfun.

Orúkọ rẹ̀ kì í sì í hàn lórí ohun tó ń kọ sí The Times. Akọ̀ròyìn gọ́ọ̀fù nìkan ni wọ́n ń pè é, bí ìwé ìròyìn náà ṣe ń ṣe nígbà yẹn.

Lọ́dún 1910, ó gbé ìwé ńlá kan jáde lórí àwọn pápá gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Britain àti Ireland, tí Harry Rountree ya àwòrán sí. Ó gbìyànjú láti má ṣe ojúsàájú. Nígbà tó dé orí Aberdovey, ó jẹ́wọ́ pé ibẹ̀ lọkàn òun wà ju gbogbo ibi yòókù lọ.

Ìrìnàjò lọ síbẹ̀ pàápàá jẹ́ ayọ̀ fún un. Ó kọ̀wé nípa reluwé tó ń gbé e la àárín àwọn òkè Wales kọjá títí dé ibùdókọ̀ Aberdovey, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan pápá náà.

Ọjọ́ tí akọ̀ròyìn di balógun ikọ̀

Bernard mọ gọ́ọ̀fù gbá dáadáa, ẹ̀ẹ̀mejì ló dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje àwọn tí kì í gbowó ní Britain, lọ́dún 1909 àti 1921. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń yára ru tí bọ́ọ̀lù bá ya bàrá.

Lọ́dún 1922, The Times rán an lọ sí Amẹ́ríkà láti ròyìn ìdíje Walker Cup àkọ́kọ́. Robert Harris tó jẹ́ balógun ikọ̀ Britain ṣàìsàn. Ni wọ́n bá ní kí akọ̀ròyìn náà gba ipò rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 46. Amẹ́ríkà ló gba ife náà, àmọ́ Bernard na William Fownes, balógun ikọ̀ Amẹ́ríkà, nínú ìfigagbága ẹnìkan sí ẹnìkan.

Ó kú lọ́dún 1961 lẹ́ni ọdún 85.

Títí di òní, wọn kò tíì gbá ìdíje Open ní pápá kankan ní Wales, ìdí kan nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àlejò fi ń kọjá lọ sí Scotland. Berta Ruck, ọmọbìnrin Arthur tó jẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́, gbé ní Aberdovey títí tó fi kú lọ́dún 1978, lẹ́ni 100 ọdún. Reluwé ṣì ń dúró níbẹ̀.