Thomas Sankara, Ẹni tí ó Ṣọ́ Owó Ìlú

Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń múra láti di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lọ́la, ọ̀pọ̀ ni ó ń kọ́ ìṣirò owó nítorí ìwé-ẹ̀rí nìkan. Nítorí tiwọn ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn Thomas Sankara fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1949 ni a bí i ní ìlú Yako, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní Haute-Volta. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ológun Kadiogo ní Ouagadougou, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí erékùṣù Madagascar. Níbẹ̀ ni ó ti fojú rí i bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ṣe bi ìjọba ṣubú ní 1972.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1983, ó di olórí ìjọba ní ẹni ọdún 33. Ó bá àpò ìjọba ní gbígbẹ. Ó ta àwọn mọ́tò Mercedes tí àwọn mínísítà ń gùn, ó sì fi Renault 5 kékeré rọ́pò wọn. Ó ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ Faso dan fani, aṣọ òwú tí a hun nílé, kí owó lè dé ọwọ́ àgbẹ̀ àti ahunṣọ. Nígbà tí ó ka ohun ìní tirẹ̀ ní gbangba ní 1987, kẹ̀kẹ́ àti gìtá wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé tí kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ṣùgbọ́n a kò ní fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí àwọn olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1984, ìjọba rẹ̀ lé èyí tí ó ju 1,000 lọ, ó sì fi àwọn tí kò mọ iṣẹ́ náà rọ́pò wọn. Àwọn ọmọ tálákà tí ó ń tìtorí wọn ṣọ́ owó ni ìyà náà jẹ. Ènìyàn laṣọ: ẹni tí ó mọ owó kà tí kò mọ iyì òṣìṣẹ́, ìdajì ìṣirò ni ó mọ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1987, ní Addis Ababa, ó rọ àwọn olórí Áfíríkà pé kí wọ́n fi ohùn kan kọ̀ láti san gbèsè òkèèrè. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, a yìnbọn pa á ní Ouagadougou.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yín máa kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sílẹ̀, láti orí owó oúnjẹ tí òbí fún un. Ẹ sì jẹ́ kí ó mọ ẹni tí òun ń ṣọ́ owó náà fún.