Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọ̀gbẹ́ni Herbert Macaulay àti Ẹjọ́ Ilẹ̀ Àpápá

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ẹ ti ra ilẹ̀ rí, tàbí tí ẹ ń tu owó jọ láti rà á, ní àwọn àdúgbò tí ń gbòòrò l'ẹ́bàá Èkó. Ó tọ́, nítorí náà, kí ẹ mọ ìtàn ọkùnrin tí ó bá Ìjọba fa ọ̀rọ̀ títí dé Lọ́ńdọ́nù lórí ẹni tí ó ni ilẹ̀ gan-an, àti iye tí ó yẹ kí a san nígbà tí a bá gbà á fún ìlò ìlú.

A bí Ọ̀gbẹ́ni Herbert Macaulay n'ílùú Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù November, ọdún 1864. Bàbá rẹ̀, Alúfàá Thomas Babington Macaulay, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Grammar School ti C.M.S. sílẹ̀ l'ọ́dún 1859; ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. L'ọ́dún 1890 Ìjọba rán an lọ sí Plymouth n'ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó padà dé l'ọ́dún 1893, wọ́n sì fi í ṣe awọnlẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ Ọba. Ipò yìí kò kéré fún ọmọ Èkó nígbà náà, ṣùgbọ́n l'ọ́dún 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wọn ilẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Ẹni tí ó mọ ìwé ilẹ̀ Ìjọba nínú-lóde ni ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ yìí.

Nígbà tí Ìjọba gbèrò l'ọ́dún 1908 láti fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, kí ará ìlú sì máa san owó rẹ̀, Macaulay wà nínú àwọn tí ó takò ó. Wọ́n ní ìlú ní kànga tirẹ̀, àti pé àwọn Òyìnbó ni yóò jẹ àǹfààní náà jù. A ṣí ẹ̀rọ omi Ìjú l'ọ́dún 1915, ìjà owó omi sì bẹ́ sílẹ̀ l'ọ́dún 1916. L'ójú tiwa, Ìjọba ni ó jàre lórí omi náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi ará ìlú léèrè kí a tó bu owó lé wọn lórí.

Ẹjọ́ Àpápá ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. L'ọ́dún 1913 Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá lábẹ́ òfin gbígba ilẹ̀ fún ìlò ìlú. Ilẹ̀ náà wà lábẹ́ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó láti ìgbà láéláé. Ìjọba kò wí pé àwọn kò ní san nǹkan. Ìbéèrè náà ni pé, kí ni wọ́n ń ra? Àwọn adájọ́ níhìn-ín wí pé àṣẹ àbójútó nìkan ni olóyè ní, pẹ̀lú ìṣákọ́lẹ̀ tí a ń mú wá fún un; iye ìyẹn nìkan ni kí a san. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún àpò Ìjọba, àti fún gbogbo ẹbí tí ó ní ilẹ̀ l'ókè odò: bí ìlú ti ń gbòòrò, tí rélùwéè àti èbúté ń sún mọ́ oko wọn, Ìjọba lè gba ilẹ̀ tí iye rẹ̀ ń ga lójoojúmọ́, kí ó sì san owó bí ẹni ra obì.

L'ọ́dún 1920 Macaulay bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ́nù, wọ́n sì mú ọ̀pá àṣẹ Elékò dání. Ní oṣù July ọdún 1921 Privy Council, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ fún wa nígbà náà, gbé ìdájọ́ kalẹ̀ láti ẹnu Lord Haldane. Wọ́n ní lóòótọ́ ni Èkó bọ́ sábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì l'ọ́dún 1861, ní ayé Dòsùnmú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò gba ohun ìní lọ́wọ́ ará ìlú. Ilẹ̀ jẹ́ ti àjọni, olóyè sì ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn. Nítorí náà kí Ìjọba san iye ilẹ̀ náà l'ẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. £22,500 ni wọ́n san. Èbúté kò sì tìtorí èyí já sófo: l'ọ́dún 1926 àwọn ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀ sí Àpápá.

Ẹlòmíràn ni ó jìyà ìrìn-àjò náà. Nítorí ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ ní Lọ́ńdọ́nù nípa ipò Elékò, Ìjọba yọ ọwọ́ lórí Elékò Èṣùgbàyí ní December 1920. Wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́ l'ọ́dún 1925, kò sì padà wá títí di ọdún 1931. Macaulay dá ẹgbẹ́ Democratic Party sílẹ̀ l'ọ́dún 1923, ẹgbẹ́ náà sì gba àga Èkó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Òun fúnra rẹ̀ kò lè jókòó níbẹ̀, nítorí ó ti ṣẹ̀wọ̀n l'ọ́dún 1913 lórí owó ogún kan tí ó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ kí a mẹ́nu kàn án, ṣùgbọ́n àwa rò pé ìtàn tí ó bá fò ó kò pé.

Àìsàn kọlù ú ní Kánò níbi tí ó ti ń rìn kiri fún ẹgbẹ́ N.C.N.C.; ó kú l'Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù May, ọdún 1946, ní ẹni ọdún 81. L'ọ́dún 1978 òfin titun fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà. Láti ìgbà náà, bí Ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, owó ilé àti irúgbìn orí rẹ̀ ni òfin ní kí ó san, kì í ṣe iye ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀.