Lazzaro Spallanzani àti Òòbẹ̀

Òwe Yorùbá a máa fi òòbẹ̀ dípò àdán nígbà tí a kò bá rí àdán fi ṣẹbọ, ṣùgbọ́n ní ti ìrìn òru, ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n àwọn méjèèjì. Àdán ńlá tí ó máa ń so rọ̀ sórí igi ní ọgbà Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀, ojú àti imú ni ó fi ń wá èso kiri. Òòbẹ̀ kékeré tí ń gbé abẹ́ òrùlé, etí ni ó fi ń mọ ọ̀nà. Lazzaro Spallanzani, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan ní Ítálì, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tọpa àṣírí yìí.

Ní ọdún 1729 ni a bí i ní ìlú Scandiano. Agbẹjọ́rò ni baba rẹ̀, ìmọ̀ òfin ni òun náà sì lọ kọ́ ní Bologna. Níbẹ̀ ni ó ti bá ìbátan rẹ̀ kan, Laura Bassi, obìnrin tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, ohun ìyanu ní ayé ìgbà náà. Obìnrin yìí ni ó yí ọkàn rẹ̀ sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1769, òun náà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Pavia. Ó ti fi omi ẹran tí ó sè, tí ó sì dí ẹnu ìgò rẹ̀ pa, fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí kì í ṣàdédé hù nínú oúnjẹ.

Ní 1793, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó ṣàkíyèsí pé òwìwí tí ó ń sìn a máa forí sọ ògiri bí àbẹ́là bá kú, ṣùgbọ́n òòbẹ̀ a máa fò kiri láìfara kan ohunkóhun. Ó ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kálẹ̀ nínú iyàrá. Òòbẹ̀ yà fún okùn. Ó wá fọ́ òòbẹ̀ lójú. Ìwà ìkà ni, kò sì sí orúkọ mìíràn fún un. Síbẹ̀ àwọn afọ́jú náà ń fò bí ẹni tí ó ríran. Ó tú àwọn kan sílẹ̀, nígbà tí ó sì tún rí díẹ̀ mú nínú wọn, ó la inú wọn, ó bá a tí ó kún fún kòkòrò bíi ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ó lójú.

Louis Jurine, oníṣẹ́ abẹ ní Geneva, gbọ́ ìròyìn yìí, ó sì dí òòbẹ̀ létí. Kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí forí sọ nǹkan. Spallanzani náà ki ọ̀pá idẹ kékeré oníhò bọ̀ wọ́n létí. Bí ihò bá ṣí, wọ́n a fò dáadáa. Bí ó bá dí i, wọ́n a ṣìnà. Etí ni, kò ní iyàn nínú. Ṣùgbọ́n kí ni etí náà ń gbọ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn òòbẹ̀ bí ó ti ń fò? Ìbéèrè yìí ni kò rí ìdáhùn sí títí ó fi kú ní 1799. Cuvier, ọ̀mọ̀wé Faransé olókìkí, ti sọ ní 1795 pé awọ ara ni òòbẹ̀ fi ń mọ̀ pé nǹkan wà nítòsí. Ọ̀rọ̀ olókìkí ni ayé gbà. Àwọn kan tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ Spallanzani ṣẹ̀fẹ̀.

Ọdún 139 kọjá lórí ikú rẹ̀. Ní 1938, ní Harvard ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Donald Griffin, gbé òòbẹ̀ wá síwájú ẹ̀rọ G. W. Pierce, èyí tí ń gbọ́ ohùn tí ó ga ju èyí tí etí ènìyàn lè gbà lọ. Ariwo sọ nínú ẹ̀rọ. Òòbẹ̀ tí a rò pé ó dákẹ́ ń ké. Ohùn rẹ̀ ń lu ògiri àti kòkòrò, gbohùngbohùn ń padà sí i létí, bí ó bá sì ti tètè padà tó ni òòbẹ̀ fi ń mọ bí nǹkan ti súnmọ́ tó. Lẹ́yìn èyí, Griffin àti Robert Galambos di òòbẹ̀ lẹ́nu, ó sì ń forí sọ nǹkan gẹ́gẹ́ bí èyí tí Jurine dí létí ní Geneva.