Rudolf Duala Manga Bell: Ọba tí Wọ́n Yẹgi fún Láìṣẹ̀, àti Àwọn tí Kò Jẹ́ kí Orúkọ Rẹ̀ Bàjẹ́

Ìtàn àwọn ẹni ńlá ilé wa la sábà máa ń sọ fún ara wa. Lọ́dún yìí, mo rò pé ó yẹ kí á sọ ìtàn onílé wa. Púpọ̀ nínú wa ló ń gbé New Bell, ibẹ̀ la ti ń tajà, ibẹ̀ la bí ọmọ sí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá bi wá pé ta ni Bell, àti pé kí ló dé tí a fi ń pe ibẹ̀ ní Bell Tuntun, ìwọ̀nba wa ló lè dáhùn. Ìdáhùn náà wà nínú ìgbésí ayé ọkùnrin kan tí ìjọba Jámánì yẹgi fún ní 1914, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti ń wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà wá.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ọdún 1873 ni wọ́n bí Rudolf Duala Manga Bell ní Douala. Bàbá rẹ̀ ni Ọba Manga Ndumbe Bell, bàbá bàbá rẹ̀ sì ni Ọba Ndumbe Lobe Bell. Oníṣòwò ni àwọn ẹ̀yà Dúálà gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́. Àwọn ni alágbàtà láàárín ọkọ̀ òyìnbó tó ń gúnlẹ̀ sí odò Wouri àti àwọn ará òkè tó ní epo, ekùrọ́ àti eyín erin.

Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1884, Ọba Ndumbe Lobe Bell àti Ọba Akwa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà ni Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, ta àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí Douala. Nínú ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ilẹ̀ tí àwọn ará ìlú ń gbé àti èyí tí wọ́n ń dáko sí yóò máa jẹ́ tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Nígbà tí Rudolf ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n rán an lọ sí Jámánì láti kàwé. Ilé olùkọ́ kan ní ìlú Aalen ni ó gbé, ó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ulm. Ó gbọ́ èdè Jámánì dáadáa, ó mọ òfin wọn, ó sì mọ ìwà wọn. Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ti padà sílé. Ó fẹ́ Emily Engome Dayas, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò ará Gẹ̀ẹ́sì. Kò kórìíra àwọn Jámánì rárá. Ó gbà wọ́n gbọ́ débi pé ó rán ọmọ rẹ̀, Alexandre, lọ kàwé lọ́dọ̀ wọn. Ní 1902, ó bá bàbá rẹ̀ lọ sí Jámánì láti lọ ro ẹjọ́ àwọn ará ìlú. Ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ ní 1905 wà ní Bonanjo títí di òní, òun ni wọ́n ń pè ní La Pagode. Nígbà tí bàbá náà wàjà ní 1908, Rudolf bọ́ sórí ìtẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀

Láìpẹ́ sígbà náà, ní 1910, ìjọba Jámánì gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí gbogbo àwọn Dúálà kó kúrò létí odò, kí wọ́n lọ máa gbé nínú ìgbẹ́ lókè, kí àdúgbò etí odò sì di ti àwọn òyìnbó nìkan. Ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó kìlómítà kan ni yóò wà láàárín dúdú àti funfun. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ẹ̀fọn ń gbé ibà láti ara ènìyàn dúdú lọ sí ara òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọjà yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀fọn lọ. Etí odò ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ọjà ń gbà wọlé, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ ti ń gbówó lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀ mọ ohun tó jẹ́ bí wọ́n bá lé yín kúrò lójú ọ̀nà lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Manga Bell kò gbé ìbọn, kò sì gbé àdá. Ìwé ni ó gbé. Ó mú àdéhùn 1884 jáde, ó ní ohun tí a fọwọ́ sí kọ́ ni ẹ ń ṣe yìí. Láti 1911 ni òun àti àwọn olóyè ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì ní Berlin. Ó fi èdè wọn kọ ọ́, ó fi òfin wọn gbè é lẹ́sẹ̀. Ìjọba kò gbọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1913, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n gba ilẹ̀ náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n rọ ọba lóyè, wọ́n sì dá owó oṣù rẹ̀ dúró. Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n fi agbára kó àwọn ènìyàn Bell kúrò ní Bonanjo lọ sí ibùdó tuntun. Ibùdó tuntun náà ni New Bell tí àwa ń gbé lónìí. Ilẹ̀ tí àwa wá fi ẹsẹ̀ ara wa rìn dé, ẹkún ni wọ́n fi sin àwọn onílé débẹ̀.

Ìrìn àjò Ngoso Din

Nígbà tí ìjọba kò jẹ́ kí ọba rìnrìn àjò, ó rán akọ̀wé rẹ̀ tó tún jẹ́ ìbátan rẹ̀, Adolf Ngoso Din, lọ sí Jámánì ní bòókẹ́lẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí dé Berlin, ó wá agbẹjọ́rò, ó sì rí akọ̀ròyìn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hellmut von Gerlach, ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn. Ó yẹ kí á sọ ọ́ pé kì í ṣe gbogbo òyìnbó ló gbè sẹ́yìn ìjọba. Àwọn kan wà nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí wọ́n bínú sí ohun tí wọ́n gbọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1914, ìgbìmọ̀ ilé náà dá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà dúró fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dà bí ẹni pé òtítọ́ fẹ́ borí.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìjọba mú ẹ̀sùn mìíràn wá. Wọ́n ní Manga Bell ti rán oníṣẹ́ sí àwọn ọba òkè kí wọ́n para pọ̀ lé Jámánì lọ. Foumban ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ọba Njoya ti àwọn Bamum, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó dá ìwé kíkọ tirẹ̀ sílẹ̀, sọ fún àwọn ajíhìnrere pé oníṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ di ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1914, wọ́n mú ọba. Wọ́n mú Ngoso Din ní Berlin, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e padà sí Douala nínú ìdè.

Ẹjọ́ ọjọ́ kan

Bí oṣù kẹjọ ti wọlé ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù náà ni wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ sílé ẹjọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbọ́ ẹjọ́ náà tí wọ́n sì dá a, ìdájọ́ ikú ni. Àwọn Yorùbá sọ pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn ajíhìnrere, ti Páádì àti ti Pùròtẹ́sítáǹtì, lọ bẹ Gómìnà Ebermaier kí ó dá ẹ̀mí àwọn ènìyàn náà sí. Kò gbà. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1914, wọ́n yẹgi fún Rudolf Duala Manga Bell àti Adolf Ngoso Din. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n yìnbọn pa Martin-Paul Samba ní Ebolowa.

Àwọn àgbà Dúálà a máa sọ ọ́ pé nígbà tí ikú ku ọ̀la, wọ́n jẹ́ kí ọba lọ dágbére fún àwọn ará ilé rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ní kí ó sá. Ó ní òun ti fún wọn lọ́rọ̀ òun, ó sì padà lọ bá àwọn tí yóò pa á. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi gba Douala lọ́wọ́ Jámánì.

Wíwẹ orúkọ mọ́

Ẹni tó bá ti ẹ̀wọ̀n jáde láàyè lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún ní 1963 lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀, jáde ní 1966, ó sì ṣiṣẹ́ ìlú títí gbogbo ayé fi rí irú ẹni tó jẹ́. Manga Bell kò rí àǹfààní yẹn. Àwọn tó kù sẹ́yìn ló ní láti gbé ọ̀rọ̀ náà.

Wọn kò sì sùn. Ọmọ rẹ̀, Alexandre, wà nínú iṣẹ́ ológun Jámánì nígbà ogun tí ìjọba kan náà pa bàbá rẹ̀. Ó padà sílé, ó sì wá di aṣòfin Kamẹrúùnù nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris láti 1945. Ní 1929, orin kan jáde tí wọ́n pè ní Tet'ekombo, ìyẹn ni bàbá ìlú. Ẹni tí ìwé ìjọba pè ní ọlọ̀tẹ̀, bàbá ni àwọn ènìyàn ń pè é lórin. Ní 1936, wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ní Bonanjo, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti lé e kúrò, wọ́n sì gbé òpó ìrántí dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà kọjá sí Jámánì fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ìdílé náà tó ń gbé lọ́hùn-ún, Ọmọba Marilyn Douala Manga Bell tó wà nílé níbí, àti àwọn ará Jámánì tó fẹ́ òtítọ́, ni wọ́n jọ tẹ̀ síwájú. Ní 2021, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Hamburg pàtẹ ìtàn rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ìlú Ulm tó ti kàwé fi orúkọ rẹ̀ sọ gbàgede kan. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejìlá ọdún kan náà, wọ́n yọ orúkọ Nachtigal kúrò ní gbàgede kan ní Berlin, wọ́n sì fi ti Manga Bell síbẹ̀. Ọba Bell, Jean-Yves Eboumbou Douala Manga Bell, wà níbẹ̀ lójú ara rẹ̀. Nachtigal tí mo ń wí yìí kan náà ni ẹni tó ta àsíá ní 1884. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èyí lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ béèrè ju orúkọ gbàgede lọ. Wọ́n ní kí ìjọba Jámánì fi òǹtẹ̀ sọ ọ́ pé ìdájọ́ 1914 kì í ṣe ìdájọ́ òdodo. Kì í ṣe ìdáríjì ni wọ́n ń tọrọ, nítorí ẹlẹ́ṣẹ̀ là ń dárí jì. Ìdáláre ni wọ́n ń béèrè.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa

Irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nílé wa náà. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Olúwa ti Èkó, Àmọ́dù Tìjání, gbé ẹjọ́ dé London, Herbert Macaulay sì tẹ̀ lé e lọ. Ní 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a láre pé àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ bó ti yẹ. Ohun kan náà ni Manga Bell béèrè. Èkó gba àre, Douala gba okùn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹni tó pàdánù ẹjọ́ ni ó jẹ̀bi.

Àwa jẹ́ àlejò níbí, ẹ jẹ́ kí á fi ohun mẹ́ta mú lò. Èkínní, ìwé. Àdéhùn 1884 ni Manga Bell rí dì mú, òun náà ló sì jẹ́ kí ayé mọ̀ lónìí pé àre ni tirẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé ìgbélùú yín, ìwé ìsọ̀ àti rìsíìtì yín, ẹ má sì fọwọ́ sí ohun tí ẹnìkan kò kà fún yín yé. Èkejì, bí wọ́n bá mú ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ẹ má ṣe yára pè é ní ọ̀daràn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n New Bell kò jìnnà sí ìsọ̀ wa, ẹni tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìyá ẹni. Ẹ jẹ́ kí á lọ wò ó, kí á wá agbẹjọ́rò fún un, kí á gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí ó bá jáde tí a sì rí i pé kò jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí á dúró tì í lójú ọjà, kí á sọ ọ́ síta, kí oníbàárà rẹ̀ lè padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí a tú sílẹ̀ tí a kò wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n.

Nígbà tí ẹ bá sì lọ wo Ngondo létí odò Wouri lóṣù kejìlá, ẹ rántí ọba tí wọ́n lé kúrò létí odò náà. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn onílé wa, nítorí wọ́n ti rí ohun tí ojú kò gbọdọ̀ rí, síbẹ̀ wọ́n gbà wá mọ́ra.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á rí ẹjọ́ ẹ̀bi tí a kò ṣẹ̀. Kí ó dá olúkúlùkù tó wà nínú ìdè láìṣẹ̀ láre. Kí ó mú wa délé láyọ̀ nígbà tí àjò bá tó, pẹ̀lú orúkọ rere. Àmín.