Houphouët-Boigny: Bàbá tó gba àlejò, tí ogun wọlé lẹ́yìn ikú rẹ̀

Bí ẹ bá dé ìlú Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ẹ gbọ́ tí ọmọdé ń sọ èdè Faransé, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Abidjan, lórílẹ̀-èdè Ivory Coast. Ẹni tí ayé rọ àlejò lọ́rùn níbẹ̀ lásìkò rẹ̀ ni Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny.

Àkọsílẹ̀ ìjọba fi hàn pé ọdún 1905 ni wọ́n bí i ní Yamoussoukro, nínú ìdílé olóyè Baoulé. Ó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Dakar, ó sì tún ń dáko kòkó. Lọ́dún 1944, ó kó àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Lọ́dún 1946, nígbà tó ti di aṣòfin ní Paris, òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ fòpin sí iṣẹ́ túláàsì. Òun ló di ààrẹ nígbà òmìnira lọ́dún 1960, kò sì kúrò lórí oyè títí tó fi jáde láyé lọ́jọ́ 7 oṣù Kejìlá, ọdún 1993.

Ìlànà rẹ̀ ni pé ẹni tó bá roko ló nilẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ rọ́ wá láti Burkina Faso àti Mali, kòkó pọ̀, owó wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ààrẹ ni, kì í ṣe òfin. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ padà sí abúlé, wọ́n bá ilẹ̀ lọ́wọ́ àlejò.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Henri Konan Bédié tó rọ́pò rẹ̀ àti Alassane Ouattara, olóòtú ìjọba rẹ̀ tẹ́lẹ̀, dojú ìjà kọ ara wọn. Òfin ìbò tuntun sọ pé bàbá àti ìyá ẹni tó fẹ́ di ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ onílùú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dínà mọ́ Ouattara lọ́dún 1995. Lọ́dún 1998, òfin mìíràn ní ọmọ onílùú nìkan ló lè ni ilẹ̀ oko. Àwọn ológun lé Bédié lọ́dún 1999. Nígbà tó di ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, ìbọn dún ní Abidjan, Bouaké àti Korhogo. Ilẹ̀ náà pín sí méjì.

Ọkàn ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èjìgbò kò balẹ̀ nígbà náà, nítorí àwọn ẹbí wọn wà lójú ogun. Àwọn kan di ẹrù padà sílé, àwọn kan dúró ti ọjà wọn. Bàbá gba àlejò tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ kò fi òfin tí yóò dáàbò bò wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá a lọ sí sàréè.