Samuel Àjàyí Crowther

Samuel Àjàyí Crowther (nǹkan bí ọdún 1809 – 31 Oṣù Kejìlá, ọdún 1891) jẹ́ àlùfáà, onímọ̀ èdè àti ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ogun ọdún 1821 ló sọ òun àti ìyá rẹ̀ di ẹrú. Wọ́n pínyà, ó sì tó nǹkan bí ọdún 25 kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta.

Ìbí àti ìkólẹ́rú

Wọ́n bí Àjàyí ní Òṣoògùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí. Ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Afala ni orúkọ ìyá rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, àwọn ọmọ ogun Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn ya wọ Òṣoògùn. Bàbá Àjàyí sáré wálé láti sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Ogun mìíràn ló pa á lẹ́yìn náà. Wọ́n fi okùn so Àjàyí, ìyá rẹ̀, àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì àti ìbátan wọn kan, wọ́n sì kó wọn lọ sí Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pín ẹrú: Àjàyí àti ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ olóyè kan, ìyá wọn àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, ṣùgbọ́n ẹṣin náà kò tẹ́ olóyè lọ́rùn, wọ́n sì dá ọmọ náà padà. Lẹ́yìn èyí, ó tún bá ìyá rẹ̀ pàdé ní ìlú kan, ó sì ń rí i fún bí oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó tún mú un lọ. Láti Ìjàyè, wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ẹ̀rù pé wọn yóò tà á fún òyìnbó bà á débi pé ó gbìdánwò láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn Potogí ló rà á níkẹyìn. Ní 7 Oṣù Kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì sọ wọ́n kalẹ̀ lómìnira ní Freetown, ní Sàró.

Ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ àlùfáà

Àjàyí ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825, ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ọdún 1827. Ó fẹ́ Asano, tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n sì sọ ní Susan. Ní ọdún 1843, wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde.

Ìpàdé ní Abẹ́òkúta

Ní Oṣù Kìíní, ọdún 1845, Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Henry Townsend àti C. A. Gollmer. Ikú Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, àti ewu ojú ọ̀nà dá wọn dúró níbẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọdún kan. Ní Oṣù Kẹjọ, ọdún 1846 ni wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta. Láti nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sábẹ́ òkúta Olúmọ, àwọn mìíràn tí ogun lé kúrò nílé sì sá wá bá wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ Sàró tí ó padà wálé ló ń wá ẹbí wọn kiri ìlú náà.

Abúlé kan nítòsí Abẹ́òkúta ni Afala ń gbé. Wọ́n ti tún mú òun pàápàá lẹ́rú rí kí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tó rà á padà. Nígbà tí ó gbọ́ ìròyìn ọmọ rẹ̀, ó wá sí ìlú ní 21 Oṣù Kẹjọ, ọdún 1846. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, omijé ń bọ́, ọ̀rọ̀ kò sì jáde. Afala bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ní 5 Oṣù Kejì, ọdún 1848, ó ṣe ìrìbọmi pẹ̀lú àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta, ó sì gba orúkọ Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ọdún 1883 ni ó kú.

Oyè bíṣọ́ọ̀bù àti ìgbẹ̀yìn ayé

Ní ọdún 1851, Crowther bá Ọbabìnrin Victoria sọ̀rọ̀ nípa Èkó, Abẹ́òkúta àti òwò ẹrú. Ó ṣe ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá, ó sì ṣíwájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè náà. Ní 29 Oṣù Kẹfà, ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ó sì ń darí iṣẹ́ ìjọ ní agbègbè Odò Ọya.

Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó gba àṣẹ iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fi ìgbìmọ̀ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní òpin ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ rẹ̀, wà lára àwọn aṣíwájú ìjà òmìnira Nàìjíríà.

Ọ̀pọ̀ ìdílé tí ogun àkókò náà tú ká ni kò tún rí ara wọn mọ́ láéláé. Ìwé tí Crowther kọ nípa ìkólẹ́rú rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ìpàdé òun àti ìyá rẹ̀ wà lára ohun díẹ̀ tí ó fi hàn bí ìyapa náà ti rí fún ẹni tí ó là á kọjá.